Ọjọ́ Tí Màdáámú Yọ Àsíá Àyà Wọn

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ náà, mo rò pé mo ti ṣìnà. Ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè kan ni wọ́n ní kí n wá, ohun tó sì wà lọ́kàn mi ni géètì ńlá, sójà lẹ́nu ọ̀nà, àti mọ́tò dúdú tó ń dán yinrinyinrin. Yàrá kan ṣoṣo ni mo bá, lókè ọ́fíìsì dókítà eyín kan, lẹ́bàá títì márosẹ̀ kan ní Houston. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ilẹ̀ tí a tẹ̀ á máa gbọ̀n. Obìnrin òyìnbó àgbàlagbà kan dúró lórí àga, ó ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán etí àsíá kan tí wọ́n kọ́ sára ògiri.

“Bá mi di àga yìí mú,” ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá mi sọ.

Mo dì í mú. Mi ò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Màdáámú Irena ni mo ń pè wọ́n. Mi ò ní dárúkọ ìlú wọn, torí àwọn ẹbí wọn ṣì wà níbẹ̀ lábẹ́ àwọn tó fipá gba ìlú náà. Ìlú kékeré ni, àárín òkè ló wà. Aládùúgbò rẹ̀ tó lágbára ló kó sójà wọ̀ ọ́, tó ní láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí gbogbo aṣojú tó wà lókèèrè padà wálé wá túúbá. Àwọn kan padà. Màdáámú ní àwọn ò lọ.

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ aṣojú. Sẹ́kẹ́tírì ni mí n’Íbàdàn kí n tó tẹ̀lé ọkọ mi wá sí Houston, níbi tó ti ń ṣe ṣíìfù ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì ní Deer Park. Màdáámú ló kọ́ mi pé aṣojú kì í ṣe ẹni tó kàn ń jẹ àsè kiri. Ọmọ ìlú rẹ̀ tó wà lẹ́wọ̀n ló ń bẹ̀ wò. Òkú tí kò lẹ́bí ló ń sin. Atukọ̀ tó ṣàìsàn ló ń wá lọ sí èbúté. Àwa náà ń tẹ pásípọ́ọ̀tù lóǹtẹ̀ fún ìwọ̀nba ọmọ ìlú wọn tó wà lágbègbè wa. Ibòmíràn gbà á. Ibòmíràn á yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni ń yẹ owó ayédèrú wò.

Àwọn àgbà wa ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí Màdáámú ṣe ń jẹ́ tiwọn nìyẹn. Bí wọ́n bá gbé fóònù, orúkọ ìlú wọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè kí wọ́n tó kí èèyàn. Àsíá kékeré kan, tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, wà láyà wọn nígbà gbogbo. Wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà, wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Bí wọ́n bá pe àwọn aṣojú sí ìpàdé, wọ́n máa ń kọ orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan sára àga. Tiwa kì í sí níbẹ̀. Torí náà, àga kíká kan wà nínú bùùtù mọ́tò Màdáámú. A ó gbé e wọlé, a ó tẹ́ ẹ síparí ìlà, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀ṣọ́ kan wá bá wa.

“Ma, àga yìí ò sí lára tiwa o.”

“Mo mọ̀, ọmọ mi. Tèmi ni. Ṣé o fẹ́ yá a ni?”

Ẹ̀ṣọ́ náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì lọ bá wọn gbé omi wá.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tí mi ò lè gbàgbé láéláé nínú iṣẹ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bùkọ́lá pè mí. Ọmọ ìjọ wa ni, nọ́ọ̀sì ni ní ọsibítù kan ní Pasadena.

“Fọlá, ṣé ìwọ lò ń bá màmá tí wọ́n gba country wọn yẹn ṣiṣẹ́?”

“Èmi ni. Kí ló dé?”

“Patient kan wà níbí, atukọ̀ ni, àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ló ní ọmọ country yẹn ni. Okùn ọkọ̀ já, ó ba ẹsẹ̀ ẹ̀ jẹ́ gan-an. Dókítà fẹ́ ṣe surgery, ó lóun ò gbà. Interpreter tá a pè lórí fóònù, bí patient yẹn ṣe gbọ́ ohùn ẹ̀ báyìí, ó kọjú sí ògiri. Wọ́n ní ká wá ẹni tó gbọ́ èdè tiẹ̀ gan-an. Ẹ tètè máa bọ̀ o, ẹsẹ̀ yẹn ò lè dúró dọ̀la.”

Èdè àwọn tó gba ìlú náà ni ògbufọ̀ orí fóònù ọ̀hún ń sọ.

Nínú mọ́tò, Màdáámú ń ya irun wọn, ojú wọn ń dán bí ojú ọmọge. Ó ti pẹ́ tí ọmọ ìlú wọn kan ti dé èbúté Houston kẹ́yìn. “Ọmọ wa,” ni wọ́n ń wí ṣáá. “Ọmọ wa ti dé.”

Tomas ni ọmọkùnrin náà ń jẹ́. Ibà ti mú un, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí. Màdáámú nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, wọ́n pe orúkọ ìlú wọn, wọ́n pe orúkọ ara wọn. Mi ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n mo mọ gbólóhùn yẹn bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

Ojú Tomas lọ sí àsíá tó wà láyà wọn. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kíákíá. Màdáámú yíjú sí mi.

“Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n máa lọ. Ìwé àwọn tó gbà wá ló fi wọkọ̀. Ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin wà nílé. Bí wọ́n bá gbọ́ pé aṣojú kan bẹ̀ ẹ́ wò, àwọn ni wọ́n máa fìyà jẹ.”

Mo rò pé wọ́n máa bá a jiyàn. Ta ni Màdáámú ò tíì bá jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìlú wọn? Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn lọ sáyà. Ìka wọn ò yá. Wọ́n tú àsíá náà, wọ́n fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n sì pa ìka mi dé mọ́ ọn.

“Bá mi fi sínú báàgì ẹ. Má jẹ̀ẹ́ kó hàn.”

Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. Ohùn tí wọ́n fi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu wọn. Bí ohùn ẹni tó ń pe ọmọ wá jẹun ni. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn bi í ní oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ máa ń sè fún un bí ara rẹ̀ ò bá yá. Ó ní ọbẹ̀ ọkà tí wọ́n bu wàrà kíkan sí. Màdáámú ní irọ́ ni, ta ló ń bu wàrà kíkan sí i? Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ọbẹ̀. Tomas rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Nígbà tó sunkún tán, wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ dókítà fún un díẹ̀díẹ̀. Ó gbà. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ yẹn, wọn ò sì gé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, a gbé ọbẹ̀ lọ. Bí Tomas ṣe ń mu ún lọ́wọ́ ni ọkùnrin oníkóòtù kan wọlé, láti ọ́fíìsì aṣojú àwọn tó gba ìlú wọn.

“Ta ni yín, ma?”

Mo di báàgì mi mú gírígírí. Ìbéèrè tí Màdáámú ti ń dáhùn láìfòyà látọjọ́ yìí wá nìyẹn. Wọ́n wo ojú Tomas lórí ìrọ̀rí.

“Arúgbó tó ń bẹ àwọn aláìsàn wò ni mí,” ni wọ́n fèsì. “Ọbẹ̀ ni mo gbé wá fún un.”

Ọkùnrin náà mirí, kò sì bìkítà fún wọn mọ́.

Nígbà tí a padà sínú mọ́tò, mi ò lè ṣíná.

“Ó dùn mí, ma. Pé ẹ sẹ́ ìlú yín níwájú irú ẹni yẹn.”

“Fọláṣadé, ta ni mò ń ṣojú fún?” ni wọ́n bi mí. “Ṣé kì í ṣe ìyá ọmọ yẹn?”

Mo ṣíná mọ́tò.

Nígbà tí ara Tomas yá díẹ̀, ó sọ ọjọ́ tí wọ́n máa fi ọkọ̀ òfurufú dá a padà sílé fún Màdáámú. A lọ sí pápákọ̀, a dúró lẹ́bàá àwọn tó ń ta kọfí, bí ẹni tó ń dúró de àlejò. Tomas ń fi ọ̀pá rìn bọ̀, ọkùnrin oníkóòtù náà wà níwájú rẹ̀. Nígbà tó dé ìtòsí wa, ó dúró, ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ bí ẹni pé ó ń dùn ún, ó sì sọ gbólóhùn kúkurú kan sókè, láì wo ibi tí a wà. Ọkùnrin iwájú ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Àwọn tó gba ìlú náà kì í kọ́ èdè rẹ̀.

Màdáámú fọwọ́ bo ẹnu.

“Kí ló wí, ma?”

“Ohun tí à ń wí nílé wa ni, bí a bá ti ìrìn àjò dé, tí a ṣílẹ̀kùn ilé ìyá wa.”

“Àwa náà ní in,” ni mo wí. “Ẹ kúulé ni.”

Tomas ti ń wọ ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò. Màdáámú sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè wọn, jẹ́jẹ́, sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń lọ. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó ń lọ ni wọ́n ń kí káàbọ̀.