Ọ̀dà Ọkọ̀ Bàbá

Bàbá wa fẹ́ràn ọkọ̀ wọn ju àwa ọmọ lọ, mi ò parọ́ mọ́ wọn. Ẹni tó bá fi èékánná họ ọ̀dà ọkọ̀ náà ti wọ gàù. Ṣùgbọ́n orin ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ràn. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ, ariwo ẹ̀rọ náà sì dí wọn létí pátápátá. Ọkùnrin tó máa ń kọrin láti ilé dé ibi iṣẹ́ wá dákẹ́. Wọ́n á kàn jókòó sínú ọkọ̀ lọ́sàn-án, wọ́n á di sítíárìn mú. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn.

Àbúrò mi obìnrin ni Ọ̀gá Wáyà tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Bí iná ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò tàn, òun ni wọ́n ń wá. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rewáyà, Bàbá ní iṣẹ́ ọkùnrin ni, wọn ò sì jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ̀ àwọn rí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó gbé wúfà dé, agbohùn ńlá tó máa ń dún títí dé inú ikùn èèyàn, àti ampilifáyà tó máa fún un lágbára.

"Bọ̀ọ̀dá mi, etí Bàbá ni kò gbọ́ mọ́," ó ní. "Ta ló sọ pé ara ò gbọ́?"

Ó kọ ọ́ sínú ìwé fún Bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbìyànjú. Wọ́n wo ìwé náà títí.

"Má họ ọ̀dà mi o!" Wọ́n pariwo rẹ̀ bí ẹni tó wà lókè odò.

Ó fa wáyà pupa láti bátìrì, ó fi fíúsì sí i, ó gbé e gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì dé bútù lẹ́yìn ọkọ̀. Ó gbé ampilifáyà síbẹ̀, ó sì gbé wúfà ti ẹ̀yìn àga awakọ̀. Kó má baà họ ọ̀dà, ó so wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó gbọ́dọ̀ kan irin ara ọkọ̀, mọ́ bóòtù kan tó ti wà nínú bútù. Ó taná sí i. Iná pupa ló tàn lára ampilifáyà, kò sí ohun tó dún.

"Ọ̀dà ló dí i," ó ní. "Irin gbọ́dọ̀ kan irin. Mo ní láti fá a."

"Ìwọ nìkan lo máa fá a o," mo ní. Èmi ti ń wo ọ̀nà géètì.

Kò fẹ́ ṣe é lábẹ́lẹ̀. Ó tún kọ ìwé. Bàbá kà á, wọ́n ká a sápò, wọ́n na ọwọ́.

"Sánpépà dà?"

Bàbá fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ sínú bútù tí wọ́n ń fá a. "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké!" Gbogbo àdúgbò gbọ́.

Àbúrò mi so wáyà náà mọ́ irin, iná ampilifáyà sì di àwọ̀ ewé. Ó fi orin tí Bàbá fẹ́ràn jù sí i. Bàbá jókòó sí àga awakọ̀, wọ́n fẹ̀yìn tì í, ojú wọn ò yí padà. Ìka kan bẹ̀rẹ̀ sí í lu sítíárìn. Nígbà tó yá, wọ́n la ẹnu, wọ́n gbe ègbè orin náà níbi tó yẹ kó ti wọlé gẹ́lẹ́. Ohùn ti há, ṣùgbọ́n wọn ò ṣì í. Àbúrò mi di sukudiráfà mú, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo pariwo ayọ̀ bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Bàbá yí gíláàsì wálẹ̀. "Ọmọ mi obìnrin ló ṣe é! Rewáyà ni!"

Títí dòní, kò sí àlejò tó máa wọlé wa tí Bàbá ò ní ṣí bútù fún, kí wọ́n lè fi ibi tí a ti fá ọ̀dà hàn án.