Ibi Tí Ṣọ́jà Ẹlẹ́ṣin Sáìnì Sí

Mo ti ní kí wọ́n yé sọ ọ́ pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Lóòótọ́, mo jágbe mọ́ ọ̀gá mi lójú oníbàárà. Ṣé kí n wá máa wò wọ́n níran ni?

Férémù la ń ṣe ní Fìdítì. Fọ́tò ìyàwó, àlìmánáàkì, ẹsẹ Kùránì, gbogbo ẹ̀ la ń fi sínú dígí. Ìbàdàn ni dígí ti ń wá, èyí tó bá wà nílẹ̀ náà la máa lò. Bí fọ́tò bá gùn ju dígí lọ, abẹ ni Àlàájì ọ̀gá mi máa fà yọ, wọ́n á gé ìsàlẹ̀ ẹ̀ dànù. Ìdí nìyẹn tẹ́ ò fi lè rí bàtà ẹnikẹ́ni lára ògiri ní Fìdítì.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, Àlàájì wà ní mọ́ṣáláṣí, tíṣà Amẹ́ríkà kan wọlé. Ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀. Ó mú ìwé kan wá, ìwé ọ̀hún ti pọ́n bí ewé tó já. Ó ní baba ńlá òun ló kọ ọ́ láyé àtijọ́, ọ̀gá ṣọ́jà ẹlẹ́ṣin tí ìjọba wọn fún ní mẹ́dàlì. Ìwé yẹn ló fi yọ̀ǹda ṣọ́jà kan kó lọ wo ìyá ẹ̀ tó ń ṣàìsàn.

"Ibí ló sáìnì sí," ó nàka sí ìsàlẹ̀. "Láìsí èyí, wọ́n á ní ṣọ́jà yẹn sá lójú ogun. Wọ́n lè yìnbọn pa á."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí ìyọ̀ǹda lèmi náà ń retí. Ó ku díẹ̀ kí n ṣe fíríìdọ̀mù.

Nírọ̀lẹ́, mo rò ó fún Àlàájì, mo ní kí wọ́n má gé ìsàlẹ̀ ìwé náà. Wọ́n ní, "Mo gbọ́." Wọn ò gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, tíṣà jókòó, ó ń mu omi. Àlàájì gbé dígí lé ìwé. Dígí kúrú. Wọ́n fa abẹ yọ. Ọmọṣẹ́ kì í ta ko ọ̀gá lójú oníbàárà. Ẹni tó dán an wò ṣáájú mi, ọdún kan ni wọ́n fi kún ìkọ́ṣẹ́ tiẹ̀.

"Àlàájì, ẹ gbé abẹ yẹn sílẹ̀."

"Rájí, èmi lò ń pàṣẹ fún?"

"Ẹ bínú tẹ́ ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ má ṣáà gé e. Ohun tó gba ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ ikú nìyẹn."

Tíṣà ti fò dìde, omi ti dà sí i ní ṣòkòtò. Àlàájì wo ìwé, wọ́n wò mí.

"Dígí tó máa gbà á dà?"

Mo nàka sára ògiri. Fọ́tò Àlàájì ló wà níbẹ̀, tàwọn ti láwàní, ọjọ́ tí wọ́n ti Mẹ́kà dé. Dígí tiwọn nìkan ló tóbi. Àwọn nìkan náà ló sì ní bàtà.

Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀. Lórí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo ti tú fọ́tò wọn. Tíṣà gbé ìwé baba ńlá ẹ̀ lọ lódidi nínú dígí Àlàájì. Eṣinṣin wá ń rìn lójú Àlàájì inú fọ́tò títí dígí mìíràn fi dé. Bí wọ́n bá ti lé eṣinṣin tán, wọ́n á ní, "Ṣọ́jà Rájí, o kú iṣẹ́ o."

Ṣùgbọ́n wọn ò fi ọjọ́ kankan kún tèmi. Lọ́jọ́ fíríìdọ̀mù, wọ́n tẹ àtàǹpàkò sí ìsàlẹ̀ ìwé ìyọ̀ǹda mi. "Ìlọra ni kó o ti lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Fìdítì ò gba ẹnu àwa méjèèjì. Má sì gé ìsàlẹ̀ ìwé yẹn o."

Ìwé náà wà lára ògiri mi ní Ìlọra níbí, àtàǹpàkò wọn hàn kedere. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á yìí, ká ní ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ tí abẹ fẹ́ kan ìwé, ṣé ẹ máa dákẹ́?