Ìpè Tí Ìmọ́lẹ̀olúwa Ń Jẹ́

Ohun tí ó ń dun Ọlátẹ́jú ni pé ọmọ tí ó fi ọdún mẹ́fà tọ́ kì í jẹ́ ìpè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Hàlímàt, onídìrí tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan ní Ilare, bá pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò yíjú.

Aránṣọ ni Ọlátẹ́jú. Láràárọ̀, bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe fún òun náà, yóò jókòó nídìí ẹ̀rọ, yóò máa fi oríkì pe Ìmọ́lẹ̀olúwa, ọmọbìnrin rẹ̀: "Àbẹ̀kẹ́! Àbẹ̀kẹ́ mi! Àbẹ̀kẹ́ o!" Bí kò bá dáhùn, yóò gbóhùn sókè sí i. Ìmọ́lẹ̀olúwa yóò di etí méjèèjì, yóò sá lọ sí yàrá Hàlímàt.

"Kí lo fún un jẹ?" ni Ọlátẹ́jú bi Hàlímàt lọ́jọ́ kan.

Hàlímàt rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìmọ́lẹ̀, ẹ̀gúsí lásán ni o. Ṣé kí n bu tiyín wá?"

"Má bá mi ṣàwàdà. Ìwọ kọ́ lo bí i."

Lọ́jọ́ kejì, Ọlátẹ́jú ti ilẹ̀kùn pa kí ọmọ náà má baà lọ sọ́dọ̀ Hàlímàt. Ọmọ náà ké títí ohùn rẹ̀ fi há.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ó mú un lọ sọ́dọ̀ obìnrin tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ní ọ́tísíìmù bíi tirẹ̀ lọ́rọ̀ sísọ. Ó rojọ́ Hàlímàt tán. Obìnrin náà bi í léèrè pé:

"Bí ẹ bá pè é, ìgbà wo lẹ tún ń pè é?"

"Lójú ẹsẹ̀ ni, mà."

"Ẹ̀rọ yín ńkọ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́."

"Ọpọlọ tiwa máa ń ya ohùn ìyá sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo ẹ̀rọ. Tirẹ̀ lè má rí i yà. Gbogbo rẹ̀ ń wọlé pọ̀ ni. Ó sì lè pẹ́ díẹ̀ kí ìró tó yé e. Kí ó tó mú ti àkọ́kọ́, ẹ ti ju èkejì lé e."

Ọlátẹ́jú rántí Hàlímàt: á gbé kóòmù sílẹ̀, á pè é, á dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Èyí ni ó tún wá dùn ún jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dá ẹ̀rọ dúró.

"Àbẹ̀kẹ́."

Ọmọ náà ń to bọ́tìnnì sílẹ̀. Ọlátẹ́jú fi eyín há ètè kí ó má baà tún un pè. Hàlímàt yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọlátẹ́jú nawọ́ sí i pé kí ó dákẹ́.

Ìmọ́lẹ̀olúwa gbójú sókè. Ó dìde, ó wá fi bọ́tìnnì pupa kan sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ kú oríire, mà," ni Hàlímàt rọra wí.

Ọlátẹ́jú mi orí sí i. Lẹ́yìn náà ó rọra fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ dá ayọ̀ yìí nìkan jẹ.