Ẹ Lò Ó Bó Ṣe Wù Yín

Òórùn kánfọ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, nínú yàrá kan ṣoṣo tí mo háyà ní Mòwé, nítorí pé aṣọ tó so rọ̀ máa ń gba ariwo mọ́ra, kò sì sí ibòmíràn tí èèyàn lè jókòó sí kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò má bá a dá sí ọ̀rọ̀. Màá ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi, màá tan tọ́ọ̀ṣì sí ìwé tí mo fẹ́ kà, òógùn á sì máa ṣàn lẹ́yìn mi bíi pé mò ń gúnyán. Ohùn ni mò ń tà. Àwọn tí mi ò rí rí ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èmi ń kà á lédè Yorùbá, mo sì ń fi ohùn náà ránṣẹ́ padà sí wọn.

Ẹni tó fẹ́ràn ohùn náà jù ni ìyá onílé wa. Tí mo bá ti jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, á ní kí n wá ka ohun tí mo kà fún òun. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fínra, èmi ni mo sì máa ń rán an létí oògùn rẹ̀, torí ó ní tí ọmọ òun bá sọ ọ́, ó máa ń dà bí àṣẹ, ṣùgbọ́n tí èmi bá sọ ọ́, ó ń wọ òun létí.

Oníbàárà kan wá gbé iṣẹ́ wá. Ọkùnrin àgbàlagbà kan ní Ifọ̀ ni, orí íńtánẹ́ẹ̀tì la ti pàdé. Ọ̀rọ̀ ìlera ni: kí àwọn èèyàn máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, kí wọ́n má sọ̀rètí nù, pé ìtọ́jú wà. Ìyá onílé ni mo ń rò bí mo ṣe ń kà á, bóyá ìdí nìyẹn tó fi dùn tó bẹ́ẹ̀. Oníbàárà náà san owó mi pé. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá òun lè lo ohùn náà níbòmíràn. Mi ò béèrè ibo. Mo kọ ọ́ sí i pé, “Tiyín ni, sà. Ẹ lò ó bó ṣe wù yín.” Ìwọ náà mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń jẹun tó ní kí ẹni tó ń kọjá wá bá òun jẹ ẹ́; ọmọlúàbí ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń kọjá á sì dáhùn pé á gba ibi ire. Lójú mi nígbà yẹn, kí n sọ fún àgbàlagbà pé ká kọ ibi tí ohùn mi lè dé àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé, àfojúdi gbáà ni.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ìyá onílé ti ọjà Ìbàfò dé tayọ̀tayọ̀. Ó ní òun gbọ́ ohùn mi láti inú gbohùngbohùn orí ọkọ̀ kan, òun sì ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ayálégbé òun nìyẹn. Orí mi wú. Mo rò pé àwọn elétò ìlera ni, mi ò bi í pé kí ni wọ́n ń tà. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ṣubú lẹ́bàá kànga láàárọ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣe é gbé mọ́. Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ ti ilé ìwòsàn padà wá kó aṣọ, ó bá ìgò àgbo mẹ́ta lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, méjì ti gbẹ. Oògùn tí dókítà fún ìyá wà nínú ọ̀rá, kò fọwọ́ kàn án. Ọmọbìnrin náà gbé àwọn ìgò yẹn síwájú mi, ó ní ọkọ̀ tí ìyá òun ti gbọ́ ohùn mi ló ti rà wọ́n.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ifọ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo ti to èébú sílẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i pé oníbàárà náà tó bàbá mi, orúnkún ni mo kọ́kọ́ fi kanlẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó gbé àga fún mi, ó bu omi wá. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan tó ń ta àgbo ló bẹ òun fún ohùn náà, pé ọ̀rẹ́ náà ló gé e, tó fi orúkọ àgbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn ibi tí mo ti sọ pé ìtọ́jú wà. Mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá onílé. Lẹ́yìn náà ló yọ fóònù rẹ̀, ó wá ọ̀rọ̀ tí mo kọ jáde, ó fi hàn mí.

“Àǹtí, ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ o. Ká ní ẹ sọ pé ó níbi tí kò gbọ́dọ̀ dé ni, mi ò ní jẹ́ kó débẹ̀.”

Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ níṣojú mi, ìyẹn sì yọ ohùn náà kúrò nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó ti wà lórí fóònù àwọn tó ń bá a tajà, kò sẹ́ni tó mọ iye wọn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, mi ò mọ̀ pé èmi ló ń bá wí.

Nígbà tí ìyá onílé padà sílé, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ṣàlàyé pé kì í ṣe èmi ni mo polówó àgbo, pé wọ́n gé ohùn mi lẹ̀ mọ́ ọn ni, pé ohun tí èmi àti oníbàárà jọ sọ yàtọ̀. Ó gbọ́ mi títí mo fi sọ tán. Ọ̀rọ̀ kò já geere lẹ́nu rẹ̀ mọ́, díẹ̀díẹ̀ ló ń fà á.

“Ọmọ mi, ohùn ẹ ni mo gbọ́. Mi ò gbọ́ àdéhùn yín.”

Kò bínú sí mi rárá, ìyẹn gan-an ló pa mí lẹ́kún.

Láti ìgbà náà, kí n tó tẹ́wọ́ gba iṣẹ́, mo máa ń kọ àdéhùn ránṣẹ́, ì báà jẹ́ àgbà, ì báà jẹ́ ọmọdé. Mo ń kọ ibi tí ohùn mi lè dé, mo sì ń kọ ọ́ pé wọn ò gbọ́dọ̀ gé e mọ́ nǹkan mìíràn láìbi mí. Àwọn oníbàárà kan ti sá nítorí ẹ̀. Ọ̀kan ní mò ń ṣe bí òyìnbó. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ẹni méjì tí kò fọkàn tán ara wọn ló ń kọ àdéhùn, ojú sì ń tì mí láti béèrè. Mo ti wá mọ̀ pé ẹni kẹta wà níbẹ̀, ẹni tí kò sí lórí fóònù wa, tí kò ní rí ìwé tá a fọwọ́ sí, tó kàn máa gbọ́ ohùn tó mọ̀ lọ́jà, táá sì gbà á gbọ́. Ẹni yẹn kò ní ráyè bi mí ní nǹkan kan kó tó gbé ìgò sẹ́nu, nítorí náà èmi ni mo gbọ́dọ̀ bá a béèrè.