Oògùn Inú Ìgò Méjì

Màámi kì í fọkàn tán ẹni tó bá ń fúnni ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì jogún ìwà náà. Nítorí náà, nígbà tí dókítà ọkàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ sọ pé àwọn ń ṣe ìwádìí lórí oògùn tuntun, pé kí màámi dara pọ̀ mọ́ ọn, pé àwọn ò ní gba kọ́bọ̀, àwọn á tún san owó ọkọ̀ wa láti Ọ̀yọ́, ṣe ni èmi àti màámi wo ara wa.

Ẹsẹ̀ màámi ti wú nígbà náà. Tí wọ́n bá rìn láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á dúró mí. Dókítà ní ọkàn wọn ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri mọ́. Èmi ni mo máa ń tẹ̀ lé wọn lọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ojú sì máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀ níbi tí àwọn tó mọ̀wé bá wà.

Dókítà fara balẹ̀ ṣàlàyé. Àwọn aláìsàn kan á máa lo oògùn tuntun náà. Àwọn yòókù á máa lo èyí tó jọ ọ́ bí ìbejì, ṣùgbọ́n tí kò ní agbára kankan nínú. Gbogbo wọn á ṣì máa lo oògùn ọkàn tí wọ́n ti ń lò bọ̀.

“Èwo lẹ máa fún èmi?” ni màámi bi í.

“Èmi gan-an ò mọ̀, Mà. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára ìgò. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ò sí níbí.”

“Ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fún mi lò?” Màámi ti ìgò náà sí i. “Ó dáa, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ṣebí ẹni tó bá gbé nǹkan fún àlejò á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.”

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tọ́ ọ wò. Mo kíyè sí i.

Síbẹ̀ màámi gbà, nítorí dókítà sọ pé wọ́n lè kúrò nínú ìwádìí náà nígbàkigbà tó bá wù wọ́n.

Abẹ́ igi furúùtù tó wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn ni a ti bá obìnrin kan pàdé, ẹni tó ń ta aṣọ òkìrìkà ní Ọjà Igbó. Àìsàn kan náà, ìwádìí kan náà. Àlàájà ni màámi ń pè wọ́n. Àlàájà sì ń pe màámi ní Ìyá Ọ̀yọ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wíwú ẹsẹ̀ Àlàájà wálẹ̀, wọ́n tún wọ bàtà wọn. Ti màámi wà bó ṣe wà.

“Ẹ rí i bí? Tiyín ni ojúlówó,” ni màámi wí. “Ẹfun ni wọ́n ń fún èmi.”

“Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, ẹ ti fura jù!” Àlàájà wo ẹsẹ̀ màámi títí. “Ó dáa, ẹ mú ìgò yín wá. Ara tèmi ò lè máa yá kí ẹsẹ̀ tiyín máa wú.”

Àlàájà tẹ́ gèlè wọn sórí itan, wọ́n da hóró oògùn inú ìgò méjèèjì sí i, wọ́n fọwọ́ rò ó pọ̀, wọ́n wá ń pín in: ọ̀kan fún Ìyá Ọ̀yọ́, ọ̀kan fún Àlàájà. Kò jọ mí lójú. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí àgbo bá ṣiṣẹ́ fún á bu fún aládùúgbò rẹ̀. Ọgbọ́n ni mo kà á sí.

Láti ìgbà náà ni ara màámi ò ti dúró lójú kan. Wọ́n lè jí kí wọ́n máa gbálẹ̀, kí wọ́n máa kọrin. Lọ́jọ́ kejì òòyì á kọ́ wọn, wọ́n á jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, ọwọ́ wọn á tutù. Mo fura sí oògùn náà. Mo fura sí dókítà. Mo fura sí Àlàájà pàápàá: ta ló mọ̀ bóyá ohun tó wà nínú ìgò tiwọn ni ara màámi ò gbà?

Nígbà tí a padà dé Ògbómọ̀ṣọ́, dókítà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ màámi, ó tún un wọ̀n. Ó ka hóró tó kù nínú ìgò. Ó pé.

“Mà, ṣé ẹ ń lo oògùn yìí bí a ṣe ní kẹ́ ẹ lò ó?”

“Bẹ́ẹ̀ ni o, dókítà.”

“Ara yín kàn ń lọ sókè sódò. Màá fi kún oògùn àtijọ́ yẹn.”

Ó mú bírò. Bó bá fi kún un láìmọ ohun tó ti wà nínú ara wọn, ó lè pa wọ́n. Màámi sì ti ń wò mí, ojú tí wọ́n fi ń lé mi wọ yàrá bí àlejò bá dé ni wọ́n fi wò mí.

“Wọ́n ń pín in ni,” mo wí.

“Àwọn wo?”

“Àwọn àti Àlàájà tó wà níta. Wọ́n da ìgò méjèèjì pọ̀.”

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. “Ha! Ẹ ti sọ oògùn di àkàrà sààrà!”

Nọ́ọ̀sì náà pe Àlàájà wọlé. “Ta ló tú wa fó?” ni Àlàájà wí, wọ́n wá rí ojú mi. “Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ yìí? Ó mà kúkú lẹ́nu!”

Dókítà kò jágbe. Ó ní kí àwọn méjèèjì má lo hóró náà mọ́, kò sì fi kún oògùn àtijọ́. Ó ní ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó wá pe ẹnì kan lórí fóònù, ṣùgbọ́n ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó wọlé, màámi bi í pé èwo ni tàwọn. Ó ní àwọn tó mọ̀ ọ́n ò tíì sọ fún òun.

Nínú ọkọ̀, màámi kọjú sí fèrèsé. Ìgbà tí a sọ̀ ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n tó di apá mi mú láti sọdá títì.

“O ṣeun,” wọ́n wí. “Àmọ́ dókítà yẹn, o gbà pé wọn ò tíì sọ fún un?”

“Mi ò gbà, màámi.”

“Èmi náà ò gbà.”

Òòyì ò kọ́ wọn mọ́ lọ́sẹ̀ náà. Nígbà tí a padà lọ, mi ò dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí mo ṣe máa ń ṣe. Àga tó kọjú sí dókítà ni mo jókòó lé, níbi tí mo ti lè rí ojú rẹ̀ dáadáa.