Orí Ẹ̀rọ Abẹ́ Ibùsùn Màmá

Àníkẹ́ kì í gba ìtàn gbọ́. Ẹni tó bá gbé ògbólógbòó ẹ̀rọ ìránṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítòsí Ọjà Akẹ̀sán, tó ń sọ pé ìyàwó òyìnbó míṣọ́nnárì ló fún ìyá-ìyá òun, Àníkẹ́ á kàn fi kẹrosíìnì nu ìdí ẹ̀rọ náà, á ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, á sì wá a lórí fóònù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yìn òmìnira ni nọ́ńbà máa ń bọ́ sí. "Ẹ̀rọ kì í purọ́ ọjọ́ orí," ló máa ń wí. "Èèyàn ló ń fi kún un." Ó ti ra irú wọn lọ́wọ́ àwọn alókù irin, ó ti tún wọn ṣe, wọ́n ti kún ilé débi pé ọkọ rẹ̀ ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ pé òun àti ẹ̀rọ Síńgà ni wọ́n jọ fẹ́ obìnrin yìí.

Ìtàn kan ṣoṣo ni kò wádìí rí, ti ìyá tó bí i.

Màmá ní orí ẹ̀rọ ìránṣọ kan lábẹ́ ibùsùn, ó fi àǹkárá wé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀, irin tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ tòun ti pátákó tí orí ń jókòó lé, wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ Dámisí, ọmọ bàbá Àníkẹ́ tí ìyàwó kékeré bí. Bí Màmá ṣe ń sọ ọ́ ni pé nígbà tí bàbá wọn kú, ìyàwó kékeré ti gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà sọ́kọ̀ lọ sí ìlú rẹ̀ kí mọ̀lẹ́bí tó jókòó pín ogún ní ìdí-igi. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe Dámisí ní ọmọ olè. Wọn kì í pè é sí ìgbéyàwó, wọn kì í pè é sí ìsọmọlórúkọ. Màmá sì búra pé ẹnikẹ́ni ò ní tú aṣọ yẹn, títí kan Àníkẹ́, àfi lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ bá padà.

Nígbà tí ara Màmá ń di ara àgbà, tó ń ní òun fẹ́ rí ẹ̀rọ òun ní odindi kí òun tó kú, Àníkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Dámisí lórí fóònù. Ọkùnrin náà, díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, kọ̀ títí. Nígbà tó máa gbà, ó ní kó gbé orí náà wá, ojú òun ni wọ́n á ti tò ó. Màmá gbà kó gbé e lọ, nítorí ẹsẹ̀ ti fẹ́ padà.

Nígbà tí Àníkẹ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, Dámisí gbé tẹlifíṣọ̀n kúrò lórí pátákó ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa gbé e lọ. Ó ti sú mi. Ìyá mi gbé orúkọ olè yẹn wọ sàréè."

Àníkẹ́ tú àǹkárá. Orí náà kéré. Ó gbé e sí ojú ihò pátákó, díẹ̀ ló kù kó jábọ́. Àyè tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gba ìka mẹ́ta. Nísàlẹ̀ àgbá rẹ̀ tó ń yí, ihò súkúrù kan wà tó ti dípẹtà, níbi tí wọ́n ti ń de ọwọ́ mọ́ ẹ̀rọ tí a ń fọwọ́ yí. Kò tiẹ̀ wo nọ́ńbà.

"Ẹsẹ̀ yìí ò gbé orí yìí rí," ó wí.

Dámisí ní ìyá òun ti ta orí tó wà lórí ẹsẹ̀ náà nígbà tí òun wọ sẹ́kọ́ńdírì, pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, ẹnì kan ò gbọ́. Kò bínú, èyí ló dun Àníkẹ́ jù. Ó kàn gbé tẹlifíṣọ̀n padà sáyè rẹ̀.

Kó tó kúrò nílùú, Àníkẹ́ yà ní Sábó lọ́dọ̀ Sàídù alókù irin, ó sì rí ọwọ́ ẹ̀rọ kan tó bá orí náà mu. Nínú ọkọ̀, ó ń rò ó. Ó lè sọ fún Màmá pé Dámisí kọ̀. Kò sẹ́ni tí ò ní gbà á gbọ́ nínú ilé náà, Màmá á sì kú tòun ti ìtàn rẹ̀.

Nígbà tó délé, ó fi epo sí ẹ̀rọ, ó de ọwọ́ mọ́ ọn, ó gbé e síwájú Màmá. Ọwọ́ ọ̀tún arúgbó náà lọ tààrà síbi ìdìmú, tòsì tẹ́ bí ẹni tó ń ti aṣọ lọ. Kò wò ó. Ó ń yí i.

"Màámi, ẹsẹ̀ yẹn kì í ṣe tiwa."

Màmá yí i títí kó tó dáhùn. "Bàbá yín ra tèmi, ọlọ́wọ́ ni. Nígbà tó máa ra ti ìyàwó kékeré, ẹlẹ́sẹ̀ ló rà. Èmi ìyálé ń fọwọ́ yí, òun jókòó bí olorì, ó ń tẹ̀ ẹ́." Ó ní òun kọ́kọ́ ń sọ pé òun ìyálé ni ẹlẹ́sẹ̀ náà tọ́ sí ni. Bó ṣe wá di pé wọ́n jí i, òun ò mọ̀ mọ́.

Bóyá kò mọ̀ lóòótọ́. Àníkẹ́ ò bi í. Ó tẹ nọ́ńbà Dámisí, ó ṣí ohùn fóònù síta, ó nà án sí i.

Màmá kí i, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè ọmọ.

"Dámisí, ìyá rẹ ò jalè."

Wọ́n gbọ́ tí ọkùnrin náà ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ wọ pálọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," ó ní, "ẹ tún un wí. Mo fẹ́ káwọn ọmọ mi gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Màmá wo ojú Àníkẹ́. Ó tún un wí.