Ẹyọ Owó Lórí Omi Dídì

Àtàǹpàkò. Ìka ìlábẹ̀. Ìka àárín. Ìka mẹ́ta ní ọwọ́ òsì, tí wọn kò jẹ́ ìpè mọ́.

Orrin Tveit jókòó sórí alùpùpù rẹ̀ nínú gáréèjì ilé rẹ̀, ní Grafton, ní North Dakota, ọjọ́ kejì ọdún tuntun. Ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́. Bátìrì wà nínú ilé láti oṣù kẹwàá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ, kí òtútù má baà pa á. Orrin kàn ń fún ìjánu kílọ́ọ̀ṣì ni, èyí tó jẹ́ ti ọwọ́ òsì, tí wọ́n fi ń pààrọ̀ jíà, ó sì ń kà á. Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹtàdínlógún, ìjánu náà yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹja.

Lóṣù tó kọjá, ó ń dé ogójì.

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rìnlá.

Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń kó ọkà jọ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Gbogbo ìgbà òtútù àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ohun kan náà ló ń sọ lẹ́nu: bí mo bá fẹ̀yìn tì, a ó lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Ó fẹ̀yìn tì nígbà tí yìnyín yọ́ lọ́dún tó kọjá. Ó ti háyà ilé kékeré kan ní Leakey, ní Texas, fún oṣù méjì ààbọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gun òkè, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n ń wé mọ́ra bí okùn tí ọmọ ológbò fi ṣeré. Ó ti fi pẹ́ńsùlù pupa tọ wọ́n lórí máàpù títí bébà náà fi fẹ́ẹ́ lu.

Bó bá jẹ́ òun nìkan ni, kò burú. Ṣùgbọ́n Lavonne, ìyàwó rẹ̀, ni yóò wà lẹ́yìn. Apá Lavonne yóò wà ní ìbàdí rẹ̀. Òkúta lápá kan, òfuurufú lápá kejì, kọ̀rọ̀ lẹ́yìn kọ̀rọ̀. Níbo lórí òkè ni wọn yóò wà nígbà tí ìjánu bá yọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dógún?

Kò tíì sọ fún un. Ní àfonífojì tí Grafton wà, ẹni tí igi wó lu ẹsẹ̀ rẹ̀, bí o bá bi í pé ara ńkọ́, á ní kò burú jù. Bàbá Orrin sọ bẹ́ẹ̀ lórí ibùsùn ikú. Ọ̀rọ̀ àìsàn kì í kọjá kò burú jù. Lavonne sì ti ṣubú lórí yìnyín nígbà òtútù tó kọjá, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó wò ó láti ilẹ̀ níbẹ̀, ó ní, “Orrin, eléyìí ló máa kẹ́yìn fún mi níbí.” Báwo ni yóò ṣe wá la ẹnu sọ ọ́?

Ní ọjọ́ Sátidé, Duane Kostecki, aládùúgbò wọn, wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì ni wọn yóò gbéra. Bátìrì ti padà sí àyè rẹ̀. Duane àti Orrin ti alùpùpù gun kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n sì ń fi bẹ́líìtì dì í.

“Tó o bá débẹ̀, bá mi kí ilẹ̀ gbígbẹ,” ni Duane wí. “Sọ fún un pé mo ṣì rántí ojú ẹ̀.”

“Màá jíṣẹ́.”

“Fa tìẹ yẹn kó le. Kí ló ṣe ọwọ́ òsì ẹ? Ṣé òun náà ti fẹ̀yìn tì ni?”

“Ó ń sinmi.”

“Inú ẹ̀ á dùn gan-an. Tèmi ò sinmi rí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Orrin gbójú sókè, Lavonne wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ká apá mọ́ àyà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé padà.

Duane lọ tán, Lavonne pe Orrin sí ilé ìdáná. Wọ́n ti kó ohun inú fíríìjì tán, ó ṣófo. Ẹran àgbọ̀nrín nìkan ló kù nínú fìrísà. Ife omi tó ti dì wà lórí tábìlì, ẹyọ owó onírin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ń sá fún òtútù níbẹ̀ ló ń ṣe é: o gbé ẹyọ owó lé orí omi dídì, o gbé e sínú fìrísà, o tilẹ̀kùn. Bí o bá padà dé tí owó ti rì sísàlẹ̀, iná ti lọ nígbà tí o kò sí, ẹran ti yọ́, ó sì tún ti dì. Má jẹ ẹ́.

“Bá mi gbé owó yẹn lé e,” ni Lavonne wí.

Orrin na ọwọ́ ọ̀tún. Lavonne gbé ife náà, ó fi sí ọwọ́ ọ̀tún yẹn.

“Di èyí mú.”

Ó ku òsì.

Ó wo Lavonne. Lavonne ń wo tábìlì. Ó nawọ́. Ìka rẹ̀ kan owó náà, kò sì mọ̀ pé òun ti kàn án. Ó fẹ́ mú un, ó yọ̀. Ó tún tẹ̀ lé e. Owó ń sá, ìka ń lé e, títí dé etí tábìlì. Ó bọ́ sílẹ̀. Ó yí lọ sábẹ́ àga, ó dákẹ́.

“Láti ìgbà wo?”

“Kò burú jù.”

“Mi ò bi ẹ́ bó ṣe burú tó. Mo ní láti ìgbà wo.”

“Ìgbà ìkórè bíìtì.”

Oṣù mẹ́ta ti kọjá tí wọ́n ti kórè gbòǹgbò ṣúgà náà.

“Èmi ti mọ̀ láti ọjọ́ Ìdúpẹ́ lóṣù kọkànlá,” ni Lavonne wí. “O ní kí n bá ẹ di tòlótòló mú kó o lè gé e. Ọdún mẹ́tàlélógójì tá a ti fẹ́ra wa, Orrin. O ò jẹ́ kí n sún mọ́ tòlótòló ẹ rí.”

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Mò ń retí kó o sọ ni.”

Ife omi dídì ti ń jó o lọ́wọ́ ọ̀tún. Kò gbé e sílẹ̀.

“O ti ra bàtà,” ni Orrin wí. “Fún ẹ̀yìn alùpùpù. Ṣé o máa gùn ún ni?”

“Mi ò mọ̀.” Lavonne jókòó. “Ọ̀nà yẹn ò bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé o fẹ́ gbé mi gorí òkè yẹn láì sọ fún mi.”

Lóòótọ́ ni. Orrin ti kà á ní àràárọ̀, mẹ́tàdínlógún, mẹ́rìnlá, kò sì fìgbà kan sọ fún ara rẹ̀ pé, má lọ.

“Ṣé kí n pe Duane pé kó wá bá wa sọ alùpùpù kalẹ̀?”

“Jẹ́ kó wà lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù. Mọ́ńdè, a máa lọ rí dókítà. Ohun tó bá sọ la máa ṣe.”

“Tó bá ní mi ò lè gùn ún mọ́ ńkọ́?”

“Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀.”

Ìdáhùn kọ́ nìyẹn. Àwọn méjèèjì mọ̀. Lavonne bẹ̀rẹ̀, ó wá owó náà lábẹ́ àga, ó gbé e lé orí omi dídì, ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í mọ́ inú fìrísà bí ẹni pé wọ́n ń lọ lọ́la.

Níta, òtútù ti ń le sí i. Orrin rántí bátìrì. Kò lè sùn síta mọ́jú, á kú. Ó gbé fìtílà, ó jáde, Lavonne wọ kóòtù tẹ̀ lé e. Ó tú u pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Lavonne di apá òsì bátìrì náà mú.

Bátìrì alùpùpù kì í ṣe ẹrù ènìyàn méjì. Wọ́n jọ gbé e wọlé.